Ilé tí Orrin Fi Koríko Ojú Ọ̀nà Kọ́

Yìnyín bo gbogbo pápá Nebraska ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n koríko tútù ń hù lára ògiri ilé ọmọ mi. Nínú ilé ni o.

Orrin, ọkọ rẹ̀, ti jáde pàdé mi kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí mo fi ń kiri abẹ́rẹ́ àti aṣọ.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, Màmá. Almeda kò fẹ́ ariwo mọ́."

"Almeda wo? Almeda tó máa ń kọrin títí ajá á fi hu?"

Kò rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń wọlé àwọn obìnrin káàkiri pápá yìí. Mi ò mọ̀wé púpọ̀, àmọ́ tí mo bá ti rí ibi ìdáná obìnrin, mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ọmọ tèmi, ọ̀bùn ni. Ìkòkò lórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà lórí tábìlì. Ilé tí mo wọ̀ yìí mọ́ tónítóní. Gbogbo nǹkan ló wà nínú àpótí, wọ́n fi okùn dì í bíi ti ẹni tó ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Òórùn erùpẹ̀ tútù gba imú mi. Almeda jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, irun rẹ̀ tú sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, màdáámù," ó ní. "Ṣé àwọn kẹ̀kẹ́ ti kọjá?"

Màdáámù! Èmi tí mo bí i.

Mo fa Orrin sí ẹnu ọ̀nà. "Níbo lo ti gé koríko, tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, tí o fi mọ ilé yìí?"

"Lójú ọ̀nà àtijọ́ ni, Màmá, èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbà lọ síwọ̀-oòrùn. Koríko ibẹ̀ ló ki jù."

"Òmùgọ̀! Ará ìlú ńlá! O ò lè bi ẹnikẹ́ni?"

Ta ni kò mọ̀ níbí? Ẹni tó bá kú lẹ́nu ìrìn àjò yẹn, àárín ọ̀nà ni wọ́n ń sin ín sí. Wọn á wa gbogbo kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn kọjá lórí rẹ̀ kí ìkookò má baà rí ojú sàréè hú. Wọn kì í fi àmì kankan síbẹ̀. Nítorí náà, a kì í gé koríko ọ̀nà yẹn rárá.

"Dìde, Almeda. À ń lọ sílé mi."

Mo gbá a lápá mú, kò ṣí. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Gbòǹgbò funfun tín-ín-rín ti jáde lára ògiri, ó ti lọ́ mọ́ irun rẹ̀ títí dé àtàrí. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ irun nínú wọn mọ́. Wọ́n ń mì, wọ́n ń fa nǹkan wọlé díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ má gé e, Màmá," Orrin ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo dán an wò lánàá. Ògiri ké."

"Jẹ́ kó ké! Òun nìkan ni mo ní láyé."

Mo fa àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ yọ. Mo gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màmá! Màmá o!"

Inú ògiri ni igbe náà ti wá. Ohùn Almeda ni.

Ẹni tó wà lọ́wọ́ mi mí kanlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ti sùn pẹ́. "Ẹ ṣeun, màdáámù," ó ní. "Ẹ mà gbà mí o. Àwọn kẹ̀kẹ́ yẹn wúwo."

Ọmọ mi ló wà nínú gbòǹgbò wọ̀nyẹn. Èmi ni mo gé e kù síbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti Orrin fi wó ilé náà, ọkọ́ lọ́wọ́, èékánná nílẹ̀. Erùpẹ̀ àti gbòǹgbò nìkan la rí. Ohùn náà sì ti dákẹ́ kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó parí.

Ó wà nílé mi báyìí, obìnrin yẹn tí wọ́n sin sójú ọ̀nà. Kò bi mí rí pé ọmọ mi dà. Mo ń ro ìyẹ̀fun àgbàdo fún un láràárọ̀, mo ń di irun rẹ̀ tó tún hù. Mi ò lè lé e. Ara ọmọ mi ló gbé wọ̀.