Ẹni Tó Ń Kọ̀wé Láti Madurai

"Ọmọ mi ti sọnù," ni obìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n ó ń kọ̀wé sí mi lójoojúmọ́."

Medinat Ọ̀ṣínúbi gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wá àwọn tó bá sọnù fún ọlọ́pàá ní Woolwich, nílùú Òyìnbó, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Irú ẹjọ́ báyìí kò dé iwájú rẹ̀ rí.

Opó ni obìnrin náà, Mrs. Ọlábímpé Adégbìtẹ́ lorúkọ rẹ̀. Kò bọ́ aṣọ òtútù rẹ̀, bí yàrá náà ṣe móoru tó. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì rọra tì í síwájú Medinat.

"Lékan lorúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ care ló ń ṣe. Bàbá India kan ló ń tọ́jú ní Belvedere, Mr. Chellappa. Bàbá yẹn ní kí òun tó kú, òun fẹ́ fi mọ́tò lọ káàkiri àwọn tẹ́ḿpìlì tí òun mọ̀ ní kékeré, ní gúúsù India lọ́hùn-ún. Lékan ní òun á wa mọ́tò náà."

"Ẹ̀yin gbà pé kó lọ?"

"Inú mi ò dùn sí i. Ilé òrìṣà ni, èmi dẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, 'Mummy, ẹ jẹ́ n gbé bàbá yìí délé wọn. Ojú wọn ti ń ṣókùnkùn.' Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn?"

"Ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ kẹ́yìn?"

"Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Tí mo bá pè é, kì í gbé e. Á wá kọ̀wé pé network ò dáa."

Medinat ṣí WhatsApp. Àwòrán ló kún ibẹ̀. Lékan àti bàbá arúgbó kan níwájú ilé gogoro tí wọ́n fi òkúta kọ́. Àwọn méjèèjì lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń mu omi àgbọn. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì ní ìlú kan tó ń jẹ́ Palani, orí wọn ti di kodoro, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lékan kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé:

"Mummy, ẹ má bínú o. Bàbá fẹ́ fá orí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí, ojú wá ń tì wọ́n láti dá a ṣe. Mo ní kí wọ́n fá tèmi náà. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

Ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé:

"Mummy, good morning. A ti dé Madurai. Tẹ́ḿpìlì ibí fine gan-an. Ṣé o sùn dáadáa? Má worry."

Lékan nìkan ló wà nínú àwòrán tó bá a wá. Ó fẹ̀yìn ti òpó òkúta, ó ki ọwọ́ kan bọ inú irun rẹ̀, oòrùn ń ta á lójú.

"Oògùn kí lẹ̀ ń lò?" ni Medinat béèrè.

"Ọkàn mi ni. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lóṣù tó ń bọ̀. Dókítà ní kí n má jẹ́ kí ohunkóhun já mi láyà."

"Ta lẹ fura sí?"

"Kavitha, ọmọ bàbá yẹn. Kì í wojú mi mọ́ tí a bá pàdé. Àti Jeremiah, tí òun àti Lékan jọ ń gbélé. Mo rí i nínú mọ́tò ọmọ mi, ó ń wà á lọ bí ẹni tó jogún ẹ̀."

"Ṣé ẹ lọ́mọ mìíràn?"

"Moráyọ̀, àbúrò ẹ̀. Shooters Hill ló ń gbé. Ibí ni mo bí òun sí. Lékan ni mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìbàdàn, ó ti ń hu irùngbọ̀n kó tó wá bá wa."

"Ṣé Moráyọ̀ mọ̀ pé ẹ wá síbí?"

Obìnrin náà mi orí. "Ẹ má sọ fún un."

Medinat ní kó fi gbogbo àwòrán àti ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí òun.

* * *

Jeremiah ń fọ mọ́tò Lékan níwájú ilé wọn ní Thamesmead Moorings. Bó ṣe rí káàdì ọlọ́pàá, kànrìnkàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, ma. Ṣé mo ṣe nǹkan ni?"

"Mọ́tò ta nìyí?"

"Ti Lékan ni, ma. Òun ló ní kí n máa wà á kí bátìrì má baà kú. Ẹ bi màmá ẹ̀… ẹ má bi màmá ẹ̀, wọn ò fẹ́ràn mi."

"Ìgbà wo lo bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?"

"Nígbà tí wọ́n wà ní Palani. Ó pè mí lórí fídíò, ó fi orí kodoro ẹ̀ hàn mí. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, ma. Lẹ́yìn ìyẹn kò dá mi lóhùn mọ́. Mo rò pé ó bínú torí pé mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

"Fóònù wo ló gbé lọ?"

"Èyí tó ń lò níbí náà ni. SIM India ló rà sínú ẹ̀. Ó fún Moráyọ̀ ní SIM tibí kó bá òun tọ́jú ẹ̀, torí báǹkì máa ń fi code ránṣẹ́ sórí ẹ̀." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ma, ṣé kò sí o?"

Medinat dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá bọ́ọ̀sì lọ.

Ní Belvedere, Kavitha kò yára ṣílẹ̀kùn. Àpótí ìrìnàjò kan wà ní ṣíṣí nílẹ̀ pálọ̀, aṣọ ọkùnrin àgbàlagbà ló kún inú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ.

"Ẹ ń rìnrìn àjò ni?"

"Mo fẹ́ lọ mú bàbá mi wálé. Ó rẹ̀ wọ́n."

"Mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

"Wọn ò lè sọ̀rọ̀ báyìí."

"Lékan ńkọ́?"

Kavitha yíjú sí fèrèsé. "Lékan ṣe bàbá mi bí ọmọ tí wọ́n bí. Gbogbo tẹ́ḿpìlì tí wọ́n dé, òun ló ń júwe rẹ̀ fún wọn, torí wọn ò ríran dáadáa mọ́. Àwọ̀, òdòdó, erin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi ní ojú ọmọ náà ni òun fi rí i."

"Ta ló ń gbé bàbá yín kiri báyìí?"

"Àbúrò ìyá mi ti bá wọn wá awakọ̀ kan ní Madu…"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ tó wà nínú àpótí.

"Lékan ni awakọ̀ wọn," ni Medinat wí. "Kí ni wọ́n ń wá awakọ̀ mìíràn fún?"

Kavitha jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ó bú sẹ́kún. "Ẹ má bi mí mọ́. Mo ti ṣèlérí fún ẹnìkan. Ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ ni kó sọ ọ́."

* * *

Bọ́ọ̀sì ni Medinat wọ̀ padà sí Woolwich. Ọmọbìnrin kan dìde fún ìyá rẹ̀ tó ru àpò iṣu. "Mummy, jókòó jàre," ló wí. "Ṣé o fẹ́ kí n gbé bag yẹn?"

Ìyá náà jókòó. Kò bá a wí. Ó ti mọ́ ọn lára.

Medinat wo àwọn méjèèjì. Ó yọ fóònù rẹ̀. *Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?* Ìyẹn ni láti Palani. *Ṣé o sùn dáadáa?* Ìyẹn ni láti Madurai. Ọmọ tó dàgbà lọ́wọ́ ìyá àgbà ní Ìbàdàn kò ní pe ìyá rẹ̀ ní "ẹ" lónìí kó sì máa pè é ní "o" lọ́la.

Ó tún wo àwòrán Madurai. Ọwọ́ Lékan wà nínú irun. Orí kodoro ló gbé kúrò ní Palani lánàá ọjọ́ náà. Irun wo ló hù?

Àwòrán àtijọ́ ni. Lékan ti yà á kó tó fárí, ẹlòmíràn ló sì fi ránṣẹ́. Kavitha kò gbọ́ Yorùbá. Jeremiah kò lè parí gbólóhùn kan láìfi "ma" sí i. Ẹni tí wọ́n bí síbí, tí SIM Lékan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ni.

Inú Medinat kò dùn. Ó ti mọ̀ pé òun ò ní bá Lékan láyé.

* * *

Moráyọ̀ gbà á sílé pẹ̀lú sùúrù. Ojú rẹ̀ wú. "Lékan's fine," ló wí. "Ó text Mummy this morning."

Medinat kò jiyàn. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí nọ́ḿbà Lékan: *Màmá rẹ wá sọ́dọ̀ mi.*

Nǹkan kan gbọ̀n nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì.

Moráyọ̀ wo dúrọ́ọ̀ náà bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ bo ojú.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Irun ẹ̀. Àti pé Lékan kò pe màmá yín ní 'o' rí."

Ẹ̀rín kan jáde lẹ́nu Moráyọ̀, kò dùn ún gbọ́. "Granny ló kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ èmi."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Lọ́rì. Lójú ọ̀nà láti Palani. Ó kúrò nílà tiẹ̀, ó ń bọ̀ níwájú wọn. Bàbá Kavitha ní Lékan yí mọ́tò kó lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ Lékan fúnra ẹ̀ ni lọ́rì máa gbá. Ẹsẹ̀ bàbá kán. Lékan… ó wà ní mọ́ṣúárì ní Madurai. Kavitha ló pè mí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún Mummy."

"Torí iṣẹ́ abẹ?"

"Mo fẹ́ sọ, I swear. Mo ti fẹ́ tẹ nọ́ḿbà ẹ̀. Ni Mummy bá text mi: 'Bá mi bi Lékan bóyá wọ́n ti dé Madurai.' Mo ní kí n fún un ní ọjọ́ kan sí i. Just one. Mo fi SIM yẹn sínú fóònù mi àtijọ́. Gbogbo àwòrán tí Lékan yà ló ń fi ránṣẹ́ sí mi, Mummy ò tíì rí púpọ̀ nínú ẹ̀. Mo kọ 'good morning.' Mummy dáhùn pé, 'Ọkọ mi, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ fún mi.'"

Ó fi apá nu imú.

"Mummy ò kọ irú ẹ̀ sí èmi rí. Lójoojúmọ́ ló ń kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹni tó kú ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń kà á. Mi ò wá mọ bí mo ṣe máa dáwọ́ dúró."

Medinat dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ lọ kóòtù torí èyí. Ṣùgbọ́n màmá yín gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lónìí, lẹ́nu ẹ. Máa kálọ."

* * *

Medinat pe dókítà kí wọ́n tó dé ilé opó náà, ó sì bẹ nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ aládùúgbò kó jókòó tì wọ́n. Mrs. Adégbìtẹ́ rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọlọ́pàá. Ó jókòó.

Moráyọ̀ kúnlẹ̀. "Mummy, ẹ… ẹ jọ̀ọ́, ẹ…"

"Má pè mí ní 'ẹ'," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìwọ kì í pè mí bẹ́ẹ̀. Fẹnu tìẹ sọ ọ́."

"Lékan ti kú, Mummy. Èmi ni mò ń text ẹ."

"Mo mọ̀."

Moráyọ̀ gbé ojú sókè.

"Àárọ̀ ọjọ́ tí 'Lékan' bi mí bóyá mo sùn, mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣé mi ò mọ ohùn ọmọ mi ni?"

Medinat kò lè pa á mọ́ra. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣì ń dá a lóhùn, ma?"

"Tí mo bá dákẹ́, a jẹ́ pé ó ti kú." Obìnrin náà fọwọ́ tẹ àyà rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn, ó mi orí pé kò sí nǹkan. "Ẹnu mi ò gbà á láti bi Moráyọ̀. Ẹnu tiẹ̀ ò gbà á láti sọ fún mi. A kàn ń pa irọ́ fúnra wa láràárọ̀. Ni mo bá wá sọ́dọ̀ ẹ̀yin, kẹ́ ẹ lè bá wa ṣílẹ̀kùn."

Ó fa orí Moráyọ̀ sórí itan rẹ̀. Nígbà náà ló tó sunkún, ó ń pe orúkọ Lékan jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun.

Wọ́n gbé òkú náà wálé. Mrs. Adégbìtẹ́ ní kí iṣẹ́ abẹ dúró títí òun á fi sin ọmọ òun. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú náà, ilẹ̀ itẹ́ òkú di ẹrẹ̀. Jeremiah wà lára àwọn tó gbé pósí. Medinat dúró lẹ́yìn gbogbo wọn.

Kavitha ti bàbá rẹ̀ wá lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Wọ́n ti fi POP di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán. Nígbà tí wọ́n dé etí sàréè, arúgbó náà tẹ̀ ba, ó ń fọwọ́ wá okùn bàtà kan ṣoṣo tó wọ̀. Ó bọ́ ọ. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tútù.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?" ni Kavitha wí.

"Ibi mímọ́ la wà," ni arúgbó náà dáhùn. "A kì í wọ bàtà síbẹ̀."

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wo ara wọn. Mrs. Adégbìtẹ́ fi ọwọ́ Moráyọ̀ sílẹ̀, ó rìn lọ síbẹ̀. Ó dúró tì í títí wọ́n fi bo pósí náà tán. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tòun ti aṣọ dúdú rẹ̀, ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ẹsẹ̀ arúgbó náà, ó ki ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì ń so okùn bàtà náà.

"Ẹ jẹ́ n so ó fún yín," ló wí. "Lékan á bá mi jà tí òtútù bá mú yín."