Ìwé Àṣẹ Ẹlòmíràn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Fusae Wakasugi wà lẹ́yìn ilé, ó ń so èso kakí tó ti bó kọ́ abẹ́ òrùlé kí afẹ́fẹ́ lè gbẹ wọ́n. Òrùlé yẹn gan-an ni ìṣòro ilé. Ìjì líle oṣù kẹsàn-án ti ká táìlì amọ̀ igun kan lọ, tapólì búlúù ni wọ́n fi bò ó, bí ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú Tateyama, nílẹ̀ Japan, ti ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Tanabe, oníṣẹ́ òrùlé àdúgbò wọn, ti ní kí wọ́n fara dà á di oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀, nítorí iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n Seiji ọkọ rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, kò ní sùúrù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fẹ́ gùn ún lọ tún tapólì ṣe fúnra rẹ̀. Fusae mọ̀ pé bí ọkọ òun bá fi lè gòkè, ìṣubú ló máa gbé e sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá oníṣẹ́ lójú méjèèjì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá!"

Ọ̀dọ́kùnrin kan dúró lẹ́nu géètì, ó tẹrí ba dáadáa, ó sì na táwẹ̀lì tuntun tí wọ́n fi pépà wé sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Kuze lorúkọ mi, láti ilé-iṣẹ́ òrùlé Minesato. Àwa là ń ṣiṣẹ́ nílé Hamano tó wà lẹ́yìn yín yẹn. Ariwo wa lè dí yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa."

Bí ọmọlúàbí oníṣẹ́ ṣe ń kí aládùúgbò nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń kọ táwẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Fusae gbà á, ó sì bu tíì fún un.

"Màmá, n ò fẹ́ dẹ́rù bà yín o," Kuze wí, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Láti òkè ibẹ̀, mo rí i pé ṣóńṣó òrùlé yín ti là. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ báyìí, ó di inú yàrá."

Ara Fusae kọ̀ ọ́. Ó wo bàtà ọmọkùnrin náà.

"Irú iṣẹ́ òrùlé wo lẹ ń ṣe tí eruku ò kan bàtà yín?"

"Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀, màmá. Tó bá fi máa dọ̀la, ẹ ò ní dá mi mọ̀ mọ́."

Seiji bú sẹ́rìn-ín láti inú ilé. "Ìyá Chinami, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló yẹ kí o ṣe! Jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gòkè lọ wò ó."

Kuze gbé àkàbà tirẹ̀ wá, ó sì gòkè. Fusae dúró nísàlẹ̀, ó tẹ́tí. Ó gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́. Ẹni tó ní òun kàn fẹ́ wo nǹkan, kí ló ń fi òòlù lù? Nígbà tí Kuze sọ̀ kalẹ̀, àwòrán táìlì mẹ́ta tó fọ́ ló wà lórí fóònù rẹ̀. Seiji mi orí pé òun gbà. Fusae ò mi tirẹ̀.

Ó dá wọn dúró, ó lọ wo ilé Hamano. Lóòótọ́, àwọn irin tí òṣìṣẹ́ ń gùn wà yí ilé náà ká, pátákó ilé-iṣẹ́ Minesato sì wà lójú títì pẹ̀lú nọ́mbà ìwé àṣẹ ìjọba. Ó mú káàdì tí Kuze fún un jáde. Nọ́mbà kan náà ni. Síbẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, Chinami, tó ń gbé ní Yokohama, pé kó bá òun wò ó nínú ìwé orúkọ tí ìjọba gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Màámi, Minesato wà níbẹ̀. Nọ́mbà yẹn bá a mu, àṣẹ wọn ò sì tíì tán. Nọ́mbà fóònù wọn nìyí, ṣé kí n pè wọ́n bóyá òṣìṣẹ́ wọn ni?"

"Kí o pè wọ́n kí o sọ pé kí ni? Pé màmá mi ti gba ẹ̀bùn ọwọ́ òṣìṣẹ́ yín, ó ti bu tíì fún un, ó wá ní olè ni? Ìtìjú kọ́ nìyẹn? Fi wọ́n sílẹ̀."

Ibẹ̀ ni Fusae ti ṣàṣìṣe. Ó ti rìn títí dé ẹnu ọ̀nà òtítọ́, ojú tì í láti kan ilẹ̀kùn.

Seiji fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Lọ́jọ́ kejì, Kuze àti ọkùnrin méjì ká gbogbo táìlì ẹ̀gbẹ́ kan kúrò, wọ́n gba ìdajì owó láti lọ ra ohun èlò, wọ́n ní ọ̀la làwọn ń bọ̀. Ọ̀la dé, wọn ò dé. Fóònù Kuze ò lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì sí i, Fusae ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó lọ bá ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ nílé Hamano.

"Kuze?" Ọkùnrin náà yí ojú rẹ̀ sókè bí ẹni ń ka àwọn ènìyàn rẹ̀. "Màmá, àwa márùn-ún la wà níbí. Kò sí Kuze nínú wa."

"Nọ́mbà yín ló wà lórí káàdì rẹ̀!"

"Ojú títì ni pátákó wa wà. Ẹni tó bá ní bírò lè dà á kọ."

Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni òjò bẹ̀rẹ̀. Fusae rántí òrùlé tó ṣí sílẹ̀, ó sì rántí ẹni tó fi sílé. Ó sáré. Nígbà tó fi máa dé, àkàbà ti wà lára ògiri, tapólì ń fẹ́ lókè, Seiji sì wà nílẹ̀ láàárín òdòdó, ó ń kérora.

Kò kú. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́, dókítà sì sọ fún wọn láìfi bò pé kò ní rìn bí ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ mọ́.

"Èmi ni mo fà á," Fusae ń tún un wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Mo fura, mo sì pa á mọ́ra."

"Èmi ni mo fi ọ́ ṣẹ̀sín," Seiji dá a lóhùn. "Má gba tèmi mọ́ tìrẹ."

Arábìnrin Ogata, láti ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà, wá bá wọn níbẹ̀.

"Màmá, iṣẹ́ tí ẹ ṣe dára, ó kù díẹ̀ ni. Ìwé àṣẹ máa ń sọ pé ilé-iṣẹ́ wà. Kò sọ pé ẹni tó dúró níwájú yín ti ibẹ̀ wá. Ẹ máa pe ilé-iṣẹ́ fúnra yín, kì í ṣe nọ́mbà orí káàdì, nọ́mbà tó wà lọ́dọ̀ ìjọba ni. Ẹ má jẹ́ kí àlejò tí ẹ ò pè gun òrùlé yín."

"Ìwé tí a ti fọwọ́ sí ńkọ́?"

"Ẹni tó bá wá bá yín nílé, òfin fún yín ní ọjọ́ mẹ́jọ láti ọjọ́ tí ẹ gba ìwé àdéhùn, ẹ lè kọ̀wé pé ẹ ò ṣe mọ́. Ẹ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín: ẹni tó ti sá lọ, ìwé ò lè lé e bá. Bí ọkàn yín bá tún ń ṣiyèméjì, ẹ tẹ 188, nọ́mbà fóònù tí àwọn oníbàárà fi ń bá wa sọ̀rọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun."

Nígbà tí ẹgbẹ́ àdúgbò pàdé, Fusae dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìtìjú kankan pamọ́. Nígbà tó jókòó, obìnrin kan tó ń jẹ́ Shimoda, opó tó ń dá gbé létíkun, sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi lánàá. Orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló dá. Ọ̀la ló ní òun máa gòkè."

"Ẹ pè wọ́n," ni Fusae wí. "Níbí yìí. Báyìí."

Wọ́n wá nọ́mbà náà nínú ìwé orúkọ ìjọba. Shimoda ń tẹrí ba fún fóònù bí ẹni pé ó ń rí i. "Ẹ dákun, ẹ má bínú, ó lè jẹ́ àṣejù tèmi ni. Ṣé ẹ ní òṣìṣẹ́ kan..."

Gbogbo ilé ló gbọ́ ìdáhùn. "Rárá o, màmá, a ò rán ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un. Kí lẹ sì ń tọrọ àforíjì fún? Inú wa máa ń dùn tí ènìyàn bá béèrè."

Fusae bo ojú rẹ̀, ó sunkún. Gbogbo ìpè náà kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ìwọ tí ò ń ka ìtàn yìí, òrùlé rẹ lè má jẹ́ ti amọ̀, ẹni tó máa kanlẹ̀kùn rẹ lè máà tẹrí ba. Béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó fún un. Lẹ́yìn náà, pe ilé-iṣẹ́ náà kí o béèrè nípa ẹni tó wà níwájú rẹ. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ìbéèrè ni Fusae bi. Oníṣẹ́ tòótọ́ kì í bínú sí ìbéèrè. Ẹni tó bá bínú ti dá ọ lóhùn.