Ọ̀kan Nínú Ọgọ́rùn-ún

Ṣọ́ọ̀kì ti sọ gbogbo ìka obìnrin náà di funfun, obìnrin náà há àwo orin sábẹ́ apá, ó ń kọ nǹkan sí pátákó bí olùkọ́ tí kò fẹ́ràn ariwo. Bí Gene Pavlik ṣe kọ́kọ́ rí Rosalie Novotny nìyẹn, láti ojú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta àwo orin ní Cleveland. Ọkàn Gene fà sí i lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tó wá ka ohun tí obìnrin náà ń kọ ni inú bí i.

Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó kéde àwọn olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n dìbò yàn sí Gbọ̀ngàn Òkìkí, ilé tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn olórin ńláńlá, Rosalie a máa kọ orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan síta, pẹ̀lú iye àǹfààní tó ní láti wọlé nínú ọgọ́rùn-ún. Níwájú Ẹyẹ Irin, ẹgbẹ́ tí Gene ti ń ta gìtá láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó kọ ọ̀kan.

Gene já wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹgbẹ́ wa, Ẹyẹ Irin, ọ̀kan péré?"

"Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé kì í ṣe òdo. Àwọn tó ń dìbò ò mọ̀ yín. Èmi mọ̀ yín, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí."

"Ẹ mọ̀ wá?"

"Mo lo àwo yín àkọ́kọ́ títí ó fi gbó. Gìtá yín ló ń tù mí nínú nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn."

Ìbínú Gene yọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé pierogi, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n kó ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sè, wá fún un. Lọ́jọ́ kẹta, kò rí àwáwí kankan, ó kàn wá ni.

Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Létí adágún Erie, Gene yọ ìwé kan tó ká mọ́ra láti inú àpò rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí màá sọ lọ́jọ́ tí a bá wọ Gbọ̀ngàn rèé."

"Jẹ́ kí n kà á."

"Rárá o, àfi lọ́jọ́ náà. Màá fẹ́ ọ, Rosalie, àmọ́ jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ wa ná. Mi ò fẹ́ kí o fẹ́ ẹni tí ayé ò mọ̀."

"Ṣé àwọn olùdìbò ni màá bá gbélé ni?" Rosalie rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé ọkàn.

Ọdún mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni ò pe Ẹyẹ Irin. Ní ọdún kẹrin, inú ọkọ̀ ni Gene ti gbọ́ ìkéde lórí rédíò. Orúkọ wọn ò sí níbẹ̀. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì í, torí ó rí i pé òun ti mú kí obìnrin rere dúró fún ọdún mẹ́rin nítorí ìbò àwọn tí kò mọ òun rí. Ó wa ọkọ̀ lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù.

Rosalie ti nu orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ kúrò lójú pátákó. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: "Gene Pavlik, láti wọ ilé Rosalie: tó bá bèèrè lónìí, ọgọ́rùn-ún. Tó bá di ọ̀la, òdo."

Gene kà á, ó sì kọjú sí i. "Olólùfẹ́ mi, dárí jì mí. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ìbò kan ṣoṣo ló wà, mo sì ti dì í. Ó yá, sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ."

Gene yọ ìwé náà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya lójú ibi tó ti ká. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, Rosalie ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ tó kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni Rosalie.