Ìwé Mẹ́ta Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ

Linnea Brask jókòó sí igun ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn ní Duluth, ó ń jẹ búrẹ́dì tó fi wàràkàṣì há, ó sì ń bá kọ́mà kan jà lórí kọ̀ǹpútà. Níta, yìnyín ti bo adágún ńlá títí ojú kò fi tó òpin rẹ̀. Nínú yàrá ìjẹun, ariwo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta sókè. Kò sẹ́ni tó ní kó má wá. Kò ṣáà sẹ́ni tó ní kó wá mọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹja kéékèèké tó ń dín kù nínú adágún ló fi ṣe ìwádìí. Iṣẹ́ tó bá dára jù lójú Ọ̀gbẹ́ni Okerlund, olùkọ́ bàyọ́lọ́jì, ni wọn yóò gbé lọ síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì. Linnea ti kọ tirẹ̀ tán tipẹ́. Ohun tó kù ni ojú-ewé tó kẹ́yìn, níbi tí a ti ń to orúkọ àwọn ìwé tí a kà. LaTeX, ètò tó fi ń to iṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ní ọ̀nà ìtò tí gbogbo ayé ń lò, ṣùgbọ́n kí ni ti gbogbo ayé jẹ́ fún Linnea? Ó fẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Kí orúkọ òǹkọ̀wé wà ní lẹ́tà ńlá tí a dín títóbi rẹ̀ kù díẹ̀, kí ọdún dá dúró létí ìwé bí ọba, kí àkọlé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọge tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Margo Thibault, ọmọ kíláàsì rẹ̀, wá bá a lọ́jọ́ kan. Ó ní kí àwọn lọ bá ẹ̀gbọ́n òun tó ń pẹja lórí yìnyín, kí Linnea lè fojú ara rẹ̀ rí ẹja tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

"Mi ò ráyè," ni Linnea wí. "Kọ́mà kan ń yọ mí lẹ́nu."

Margo wò ó títí. "Kọ́mà? Kò burú. Tó o bá ti fẹ́ ẹ, kó o pè wá síbi ìgbéyàwó."

Kò padà wá pè é mọ́.

Wàyí o, ẹni tó bá dá ọ̀nà ìtò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dán an wò. Linnea hùmọ̀ ìwé mẹ́ta tí kò sí láyé: ọ̀kan tí orúkọ òǹkọ̀wé rẹ̀ gùn bí òpópónà, ọ̀kan tí òǹkọ̀wé mẹ́fà jọ kọ, ọ̀kan tí kò lọ́dún. Ó wá pàṣẹ fún ètò náà pé kó tẹ gbogbo ìwé tó wà nípamọ́ jáde, àtèyí tí òun lò àtèyí tí òun ò lò. Gbogbo wọn sì tò rèǹtèrente.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà lé olùkọ́ lọ́wọ́, ó rí i pé àwọn mẹ́ta náà ṣì wà níbẹ̀. Ó yọ wọ́n. Ojú-ewé náà sì pá lójijì: ìwé méje péré ló kù, kò sí orúkọ kan tó gùn tó láti fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ta ló tilẹ̀ ń ka ojú-ewé tó kẹ́yìn? Ó dá wọn padà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì lọ fi lé olùkọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Okerlund ń kà á. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì ní ẹni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ẹja mọ́. Inú irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ ló ti ń wá ẹnìkejì. Ó kéde pé iṣẹ́ Linnea ló ń lọ sí yunifásítì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ní kó dúró de òun lẹ́yìn kíláàsì.

"Ìwé Ingeborg Quistgaard-Lindenhovius yẹn," ó bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, "èyí tí àkọlé rẹ̀ sọ nípa ohun tí ẹja ń gbọ́ lábẹ́ yìnyín. Níbo lo ti rí i? Mo ti wá a dé Minneapolis. Ó pẹ́ tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ẹlòmíì náà ń rò ó."

Irọ́ kan ti wà lẹ́nu Linnea: pé ti ìyá-ìyá òun ni, pé ó ti sọ nù. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọkùnrin náà, ó sì mọ irú ojú tó jẹ́. Ojú ẹni tó rò pé wọ́n ti gbé àga sílẹ̀ de òun níbì kan ni.

"Ẹ má bínú, sà. Kò sí obìnrin yẹn. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, kí n lè mọ bí orúkọ tó gùn ṣe máa rí."

"Kò sí i rárá?"

"Kò sí, sà."

Ó rọra pa iṣẹ́ náà dé. "Ó rẹwà lójú ìwé lóòótọ́," ó wí. "Ìyẹn ló dùn mí jù."

Kò bú u. Ó kàn mú iṣẹ́ rẹ̀ kúrò, ó fi ti Margo rọ́pò. Iṣẹ́ Margo kò lẹ́wà, ẹsẹ̀ ìlà rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé inú rẹ̀ ló wà láyé. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ sí yunifásítì, Ọ̀gbẹ́ni Okerlund wà níwájú, Margo wà létí fèrèsé. Linnea dúró nínú òjò dídì, ó ń wò wọ́n títí bọ́ọ̀sì fi yà lójú kọ́nà. Kò sẹ́ni tó bínú sí i tó láti bojú wẹ̀yìn.

Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bí a bá kọ orúkọ ìwé sẹ́yìn iṣẹ́ wa, ilé là ń júwe fún àlejò. Kò sóhun tó burú nínú kí ojú ọ̀nà dán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rìn débẹ̀, tó sì kan ilẹ̀kùn, ó yẹ kó bá èèyàn nílé.