Oògùn Inú Agolo Bọ́tìnnì

Ayàwòrán kan ya ẹ̀dọ̀ sí apá òsì ara ènìyàn, nọ́ọ̀sì kan sì gbé àwòrán náà padà lọ fún un.

Ilé ìlera ló gbé iṣẹ́ náà fún un: àwòrán ńlá kan tí yóò fi inú ara hàn, tí wọn yóò gbé kọ́ síbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí. Iṣẹ́ pátákó ni ọkùnrin náà ń ṣe jẹun. Ó ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń ya irun gígẹ̀ sára ògiri fún àwọn agẹrun. Pẹ́ńsù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé pẹ́ńsù kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀.

"Ẹ káàsán o. Ṣé ẹ̀yin ni Pẹ́ńsù?"

"Èmi ni. Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì."

"Ibo lẹ ti rí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà lápá òsì?"

Ọkùnrin náà wo àwòrán, ó wo ara rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ kan abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ lápá ọ̀tún. "Ìwé tí ẹ fún mi ní ibí yìí ló wà. Mo dúró níwájú dígí, mo fọwọ́ lé e, mo sì ya ohun tí mo rí gẹ́lẹ́."

Nọ́ọ̀sì wo dígí tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀rọ̀ náà yé e. Dígí ti sọ ọ̀tún ọkùnrin náà di òsì, òun náà sì ti fi òótọ́ inú ya irọ́. Obìnrin náà ti múra ìjà wá láti ilé ìlera, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Màá tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́."

"Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀? Ṣé ó yẹ kí ẹ gbowó rẹ̀ ni? Àṣìṣe ta ni?"

"Ti dígí ni."

Ọkùnrin náà wù ú. Nọ́ọ̀sì kì í tan ara rẹ̀ jẹ, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ náà: ọkùnrin náà ti wù ú kí ó tó jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa dá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́kọ̀ọ́. Ìwé pélébé tí ilé ìlera ń pín fún wọn kún fún ọ̀rọ̀ wíńníwínní láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn tó gbà á ń fi ṣe abẹ̀bẹ̀. Bí orí bá fọ́ wọn, wọn a lo oògùn. Bí orí bá ti fi wọ́n sílẹ̀, oògùn parí nìyẹn. Nígbà tí àwòrán ẹ̀dọ̀ ti dára tán, ó béèrè lọ́wọ́ Pẹ́ńsù bóyá ó lè ṣe ìwé ìtàn aláwòrán, irú èyí tí àwòrán kan ń tẹ̀lé òmíràn, tí ọ̀rọ̀ díẹ̀ sì wà lókè orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

"Mo lè yà á," ni Pẹ́ńsù wí. "Ṣùgbọ́n n kò lè ya ohun tí kò yé mi. Kí ló dé tí wọn kì í lò ó?"

Ní ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí iṣẹ́ bá parí, nọ́ọ̀sì a wá jókòó lórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù náà, a máa ṣàlàyé, ọkùnrin náà a sì máa yà. Ó fi ọ̀pá rọ́bà tí wọ́n fi ń bu omi rin ọgbà ṣàlàyé iṣan ẹ̀jẹ̀ fún un: bí omi bá ń fi ipá gba inú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, rọ́bà a le, a sì sán. Ó fi asẹ́ ṣàlàyé kíndìnrín. Ohun tó ṣòro jù ni láti ya àìsàn tí kì í dun ènìyàn. Pẹ́ńsù ro ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ó ya ọkùnrin kan tí ìdajì ara rẹ̀ wọ aṣọ, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí ìdajì kejì sì ṣí sílẹ̀, tí gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ń fà ya.

Nọ́ọ̀sì wo àwòrán náà títí. Ayọ̀ kún inú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń wá ọ̀nà láti sọ ọ̀rọ̀ yẹn.

"Ẹ sọ ti ẹnì kan fún mi," ni Pẹ́ńsù wí. "Ẹni gidi. Ìtàn kò lè dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì sọ ti télọ̀ kan fún un. Télọ̀ náà a fi oògùn sẹ́nu, a mu omi lé e, a ní òun ti gbé e mì. Bí wọ́n bá ti kẹ̀yìn sí i, a tú u sínú agolo bọ́tìnnì tó wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Funfun ni oògùn, funfun ni bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ kan ó mú ọ̀kan, ó fẹ́ gán an mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kò rí ihò tí yóò ki abẹ́rẹ́ bọ̀.

"Kí ló wá wí?"

Nọ́ọ̀sì yọ ètè síta, ó gbé ìpéǹpéjú kan sókè, ó sì wo ìmú rẹ̀ kọjá bí ẹni tó wọ dígí ojú. "'Àwọn tó ń ṣe bọ́tìnnì láyé ìsinsìnyí, iṣẹ́ ò ká wọn lára mọ́!'"

Pẹ́ńsù rẹ́rìn-ín títí pẹ́ńsù fi bọ́ lẹ́yìn etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yà á. Nọ́ọ̀sì kò sọ fún un pé bàbá òun ni télọ̀ náà. Ojú ń tì í pé bàbá nọ́ọ̀sì kì í lo oògùn.

Lọ́jọ́bọ̀ kẹsàn-án, Pẹ́ńsù gbé ìwé sílẹ̀. "Mo fẹ́ràn rẹ," ló wí, bí ẹni tó ń ka gígùn pákó.

"Mo ti mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"O tún kíndìnrín kan yà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n má bàa tètè lọ sílé. Àléébù wo ló ní?"

"Kò ní. Ìwọ ńkọ́, adúmáadán mi?"

"Èmi náà rí i pé kò ní àléébù, mo sì ní kó o tún un yà."

Wọ́n fẹnu kò pé yóò wá rí àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ìwé bá jáde. Ọ̀ọ́dúnrún ni ilé ìlera tẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin kò ku ẹyọ kan. Àwọn aláìsàn ń kà á fún ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí òmíràn.

Oníbàárà kan mú tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀. "Bàbá, ẹ kú oríire! Ẹ ti dénú ìwé!"

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ jókòó, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ìwé náà sì ṣí sílẹ̀ lórí itan rẹ̀ ní ojú ewé kẹrin. Ìgbà yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì tó rí ohun tí ó ti ṣe. Nígbà tó sín bàbá rẹ̀ jẹ, ojú bàbá rẹ̀ ló gbé wọ̀, Pẹ́ńsù kò sì ya ju ohun tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ètè náà nìyẹn. Ìpéǹpéjú náà nìyẹn.

"Ojú ta nìyí?" ni bàbá bi í.

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ láti gba ìwé náà, bàbá kò fi í sílẹ̀.

"Ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò ni ó fẹ́ wá tọrọ ọmọ mi lọ́jọ́ ìsinmi. Kí ó wá. Màá bi í ẹni tó ń bá a ṣọ́ mi nínú ṣọ́ọ̀bù mi."

Ẹ̀rù ba nọ́ọ̀sì. Ó lọ bá Pẹ́ńsù, ó jẹ́wọ́ fún un. Pẹ́ńsù gbọ́ ọ tán, ó ní, "Máa sinmi, ìfẹ́ mi. Ọwọ́ mi ló yà á. Èmi ni kí wọ́n bá wí." Ọ̀rọ̀ náà tù ú nínú. Ní ọ̀nà ilé, ó rí i pé kò yẹ kí ó tu òun nínú.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Pẹ́ńsù wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, ó sì kí wọn bó ti yẹ. Ìyá nọ́ọ̀sì fún un ní àga. Bàbá kò gbé ojú sókè.

"Ọ̀gbẹ́ni, ta ló sọ ọ̀rọ̀ agolo mi fún ọ?"

"Èmi ni mo yà á, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"N kò bi ọ́ lẹ́ni tó yà á. Mo ní ta ló sọ ọ́?"

"Ẹ̀bi mi ni, Bàbá."

"Ó dáa. Máa gbé ẹ̀bi rẹ lọ. Ẹni tí kò lè dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ilé mi kò lè fẹ́ ọmọ inú rẹ̀."

Pẹ́ńsù dìde. Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé bí ó bá kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn, kò ní padà wọlé mọ́.

"Èmi ni mo sọ ọ́, bàbá mi," ló wí. "Èmi náà ni mo sín yín jẹ tí ó fi rí ojú yín. Kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Èmi ni mo tàbùkù yín, kì í ṣe òun."

Bàbá yọ dígí ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n sì rí i lójú rẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tí mo fi abẹ́rẹ́ tọ́ títí o fi di nọ́ọ̀sì?"

"Ohun tí ẹ fi abẹ́rẹ́ tọ́ mi láti mọ̀ náà ni mo ń sọ fún yín lójoojúmọ́, tí ẹ ń dà á sínú agolo."

"Ó dùn mí."

"Mo mọ̀, bàbá mi. Ẹ forí jì mí. Kò yẹ kí n fi yín rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yín. Iwájú yín ló yẹ kí n ti sunkún."

Ìyá ló dá sí ọ̀rọ̀ náà. "Ó fi yín rẹ́rìn-ín, ìyẹn kò dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin bàbá ọmọ, ṣé ẹ ti ka ìwé náà dé òpin?"

"Kí ni mo fẹ́ kà? Mo ti rí ojú mi."

"Ojú ewé kẹrin lẹ dúró sí. Méjìlá ni."

Ó kà á nítorí kí wọ́n lè fi í sílẹ̀. Ó ń ṣí i wuuru títí ó fi dé ibi ìdajì ara tó ń rẹ́rìn-ín àti ìdajì tó ń fà ya. Níbẹ̀ ó lọ́ra. Ó fi ìka tọ ọ̀pá rọ́bà náà láti ọrùn lọ sí apá. Ó béèrè ohun tí asẹ́ ń ṣe níbẹ̀. Pẹ́ńsù tó ṣì wà ní ìdúró ṣàlàyé kíndìnrín fún un, kò sì ṣì í sọ. Lójú ewé kejìlá, télọ̀ inú ìwé jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì sùn lórí itan. Ó ti rọ. Abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀.

Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ wò. Ó ká a, ó nà án.

"Ẹ yí ìparí yìí padà," ló wí.

"Bàbá mi, bí ó ti ń rí nìyẹn."

"Mo ní ẹ yí i padà! Télọ̀ wo ni yóò wà láàyè tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí?"

Pẹ́ńsù wo nọ́ọ̀sì kí ó tó sọ̀rọ̀. "Bàbá, mo ti ya irọ́ rí. Obìnrin yìí ló gbé e padà fún mi. N kò jẹ́ yà á mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lo oògùn, tí ẹ̀jẹ̀ yín sì wálẹ̀, ohun tí mo bá fi ojú mi rí ni màá yà."

"Ẹnu rẹ gún régé," ni bàbá wí. "Oṣù mẹ́ta. Bí ẹ̀jẹ̀ mi bá wálẹ̀, kí o wá yà mí dáadáa, kí o sì wá gba ìyàwó rẹ."

"Ẹ gbọ́ o!" ni ìyá wí. "Ọ̀nà ọ̀fun bàbá ni ọmọ yóò gbà lọ sílé ọkọ! Ẹ jọ̀ọ́, bàbá ọmọ, ẹ máa gbé e mì o, kí ó má di arúgbó sí mi lọ́rùn."

Bàbá gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Kò ṣeé ṣe.

Oṣù mẹ́ta náà kò rọrùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgọ́sàn-án lórí àádọ́fà. Ó ní oògùn náà korò. Ó ní ó ń mú òun tọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Nọ́ọ̀sì mú un lọ bá dókítà, dókítà sì pààrọ̀ ọ̀kan nínú rẹ̀. Pẹ́ńsù ń wá kí i ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ń bá a jiyàn lórí gbogbo nǹkan, títí kan bí wọ́n ti ń ya kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sì ni nọ́ọ̀sì fi mọ̀ pé ó ti fẹ́ràn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ní òpin oṣù kẹta, ó jẹ́ àádóje lórí ọgọ́rin. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé bàbá ní ẹ̀rọ náà lè máa ṣe ojúsàájú.

Ìwé náà tún jáde, ìparí méjì ló sì ní. Nínú èkíní, ọwọ́ télọ̀ rọ. Wọn kò yọ ọ́, nítorí pé òótọ́ ni. Nínú èkejì, télọ̀ kan ń rán aṣọ ìyàwó. Bàbá Télọ̀ jókòó fún wákàtí méjì kí Pẹ́ńsù lè yà á, ó sì rán aṣọ náà tán kí ayàwòrán tó parí.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní ọjọ́ àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé ọkọ rẹ̀. Ní agogo méje òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ̀ lo oògùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dúró tì í.