Lará àti Ọkọ̀ Tí Kì í Dún

Orin ni Lará ń kọ lọ lọ́jọ́ náà, ó sì dá a lójú pé òun nìkan ló wà lójú ọ̀nà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti rọ̀ sórí àwọn òrùlé Òkè-Àgbò. Aṣọ aláwọ̀ ewé tó wọ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, bàtà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé gìgísẹ̀ ọ̀kan ti kán. Nígbà tó dé ibi ègbè orin, ó tilẹ̀ yí ìdí díẹ̀.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yí padà bìrí. Ọkọ̀ kan ló rí, aláwọ̀ eérú, tó ń rọra tẹ̀ lé e bí ológbò, tí kò dún rárá. Ọkùnrin dúdú kan tó ga ló wà nídìí rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ sì kún ojú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá orin dúró," ni ó wí. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó dùn ni."

"Látìgbà wo lẹ ti ń tẹ̀ lé mi?"

"Láti ẹsẹ kìíní."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi fọn fèrè?"

"Tí mo bá fọn ọ́n, ṣé mo máa rí ijó yẹn ni?"

Lará fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Gbénró ni ọkùnrin náà ń jẹ́, tíṣà ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Akínbọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kó lọ sí ìlú òyìnbó, ló fi í sílẹ̀ pé kó bá òun tà á. Háíbírìdì ni, irú ọkọ̀ tó ń lo epo, tó tún ń lo iná bátìrì, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dún tó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ó gbé Lará délé. Kí Lará tó sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti gba nọ́ńbà ara wọn.

Ilé ìkàwé yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ni Lará ti ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi mọ tíṣà kan tó máa ń wá kàwé nírọ̀lẹ́, tí kì í sì í kọjá ojú ewé kan.

"Tíṣà, orí ìwé yẹn wà nísàlẹ̀," Lará á sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Olólùfẹ́ mi, ojú rẹ ni mò ń kà."

"Ojú mi kì í ṣe ìwé tí wọ́n ń yá lọ sílé o."

"Kò burú. Màá máa kà á níbí títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn."

Ìfẹ́ náà dùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń bẹ lọ́kàn Lará. Ìwopin ni ìyá rẹ̀ ń gbé, òun nìkan nínú ilé, ẹsẹ̀ ọ̀tún màmá náà kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ látìgbà tó ti ṣubú. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Lará ń wọ ọkọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn kó tó débẹ̀. Aládùúgbò tó ń bá a wo màmá láàárín ọ̀sẹ̀ sì ti fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.

"Mi ò ní tàn ọ́, Gbénró," ni ó sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Tí n ò bá rọ́nà máa dé ọ̀dọ̀ Mọ́mì láàárín ọ̀sẹ̀, màá fi iṣẹ́ sílẹ̀, màá padà sílé."

"Àwa méjèèjì ńkọ́?"

Lará gbójú kúrò lára rẹ̀. Ọkọ̀ náà ló ń wò.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti di ọ̀rọ̀ wọn. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo báyìí, ọkọ̀ lásán á gbé owó oṣù Lará mì. Èyí kì í mu epo púpọ̀. Àmọ́ ó ti rin ìrìn tó ju ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ, nítorí Akínbọ́lá máa ń gbé e lọ sí Àbújá bí ẹni ń lọ sọ́jà. Àwọn ará ibi iṣẹ́ Lará pín sí méjì. Àwọn kan ní kó rà á kíá. Àwọn kan ní tí bátìrì ńlá tó wà lẹ́yìn ìjókòó bá kú, yóò sunkún.

Lará rà á tán lọ́kàn. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn gbà láti yá a lówó. Ó kù kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà dé Ìwopin wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n dé Ìbíadé, Lará sọ̀kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì. Gbénró nìkan ló kù nínú ọkọ̀ nígbà tí iná pupa kan yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Fáànù tó ń fẹ́ bátìrì ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, iná bátìrì sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pa ọkọ̀, ó tún un tan. Iná pupa náà lọ.

Lará dé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ó ń gbé wa dáadáa, àbí?"

"Ó ti gbé wa débí," ni Gbénró wí.

Nígbà tí wọ́n dé Ìwopin, màmá gbá ọkọ̀ náà mọ́ra bí ọmọ. "Mi ò tilẹ̀ gbọ́ ìgbà tẹ́ ẹ wọlé! Tíṣà, ìwọ lo bá mi gbọ́mọ wá báyìí? Olúwa á máa ṣọ́ yín lọ, á máa ṣọ́ yín bọ̀."

Nígbà tí wọ́n ń padà, Lará fọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. "Lọ́jọ́ Ajé màá gbowó náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ká dá ọjọ́ ìgbéyàwó."

Gbénró tẹjú mọ́ ọ̀nà. Tó bá dákẹ́, ọkọ̀ tà, ìyàwó sì dé. Tó bá sọ ọ́, Lará di ará Ìwopin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wá sí ilé ìkàwé. Kò mú ìwé kankan.

"Má rà á, Lará." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Lará gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "O wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí a fi délé, o ò sì sọ ọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí. Ìgbéyàwó wa ni mò ń rí nínú ọkọ̀ yẹn."

"Tó bá wá dá mi dúró sínú igbó lọ́jọ́ tí Mọ́mì bá ṣubú ńkọ́?"

"Ohun tí mo ń rò láti ìjẹta nìyẹn, tí mi ò fi sùn."

Omijé bọ́ lójú Lará. "O ṣeun tí o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n o mọ ohun tó kàn."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Akínbọ́lá pariwo lórí fóònù. "Iná kékeré lásán! Ta ló rán ọ níṣẹ́ ẹ̀rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí mo fẹ́ fi ṣaya ló fẹ́ rà á."

"Ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ kó o dákẹ́!"

Mẹkáníìkì kan ló padà ra ọkọ̀ náà láti tú u. Gbénró sọ àìsàn ọkọ̀ náà fún un kó tó gbowó. Lẹ́yìn náà, Lará kò gbúròó Gbénró mọ́, ọ̀sẹ̀ kan ń gorí òmíràn. Ó gbà pé ìfẹ́ àwọn ti parí. Nígbà tó yá, ó pinnu láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì wọkọ̀ lọ sí Ìwopin láti kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀.

Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ ẹ̀rín màmá. Gbénró ló rí lágbàlá, tí òógùn bò ó, tó ń kan igi ìdìmú mọ́ ara ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé balùwẹ̀.

"Gbénró! Kí lo wá ṣe níbí?"

"Tíṣà wa tuntun ni," màmá dáhùn. "Bi í bó ṣe dé."

Gbénró gbé òòlù sílẹ̀. "Mo lọ bẹ ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n gbé mi wá sí ìjọba ìbílẹ̀ Wọ́tásáìdì yìí."

"Wọ́tásáìdì? Ibi tí gbogbo tíṣà ń bẹ̀bẹ̀ láti kúrò?"

"Akọ̀wé wọn bi mí bóyá orí mi pé. Ó sáré tọwọ́ bọ̀wé kí n má baà yí èrò padà." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, Lará. Èmi á wà nítòsí wọn láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, wá bá wa."

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Mi ò fẹ́ ṣèlérí ohun tí mi ò tíì rí gbà."

"Tí mo bá wá ní mi ò fẹ́ ńkọ́?"

"Mọ́mì á ṣì nílò ibi tí wọ́n á máa dì mú." Ó mú òòlù rẹ̀, ó padà sídìí ògiri.

Lará dúró, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ. Ó da gàrí Ìjẹ̀bú sínú abọ́ kan, ó bomi tútù sí i, ó fi ẹja yíyan lé orí àwo, ó sì mú ṣíbí méjì. Ó gbé e wá síwájú Gbénró, ó jókòó tì í lórí àpótí, ó sì fi ṣíbí kan lé e lọ́wọ́.

Màmá na ọrùn láti orí àga rẹ̀.

"Lará, ṣé abọ́ ló tán nílé mi ni?"

"Rárá, Mọ́mì," ni Lará wí. "Ọ̀kan tó wa."