Obìnrin Tí Kì Í Mí

Obìnrin tó máa ń dúró lápá òsì aránṣọ nínú ẹgbẹ́ akọrin kì í mí.

Aránṣọ ò kọ́kọ́ kà á sí. Ta ló ráyè wo ẹnu ẹlòmíì níbi táwọn akọrin ti pọ̀ bí eṣú? Ìjọ tiwọn lókè odò àti ìjọ ìsàlẹ̀ odò, tí wọn ò kíra wọn látìgbà ìjà ilẹ̀ tí kò sọ ẹnikẹ́ni dọlọ́rọ̀, ni ọ̀gá akọrin fi orin so pọ̀. Òfin rẹ̀ ni pé kí wọ́n má mí lẹ́ẹ̀kan náà: bí o bá fẹ́ mí, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ á gbé orin dúró dè ọ́, kí ohùn má bàa já.

"Ẹ mí, ẹ̀gbọ́n," obìnrin náà á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Màá bá yín gbé e."

Ẹnu rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aránṣọ létí, síbẹ̀ kò ní í mọ ooru èémí kankan lára.

Àbúrò aránṣọ, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń ṣàìsàn nílé, tí mímí ń ṣòro fún. Nítorí rẹ̀ ni aránṣọ ṣe ń kọrin. Ó ní ariwo èrò tó báyìí ò lè ṣàì dé etí Ọlọ́run. Àmọ́ gbogbo ọjọ́ tó bá ti ìdánrawò orin dé, ṣe ni àìsàn náà ń le sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò ní, "tó bá ti di àkókò orin yín, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan ń fa èémí lẹ́nu mi."

Obìnrin tí kì í mí ló sọ sí aránṣọ lọ́kàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa kọrin fún gbogbo ìlú, kí wọ́n tó tò wọlé, ó fa oníbúrẹ́dì, ará ìsàlẹ̀ odò, láṣọ. "Arábìnrin yín tó máa ń dúró tì mí yẹn, ọmọ ta ni?"

"Tiwa kẹ̀? Tiyín la pè é! Ẹ̀rù ló ń bà wá láti bi yín, kẹ́ ẹ má bàa ní ìjà ọjọ́sí la tún ń fà."

Wọ́n tò wọlé, duru sì dún. Aránṣọ wo òsì, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó fi aṣọ akọrin sáré gba títì lọ sílé. "Olúwa, ẹ má jẹ̀ẹ́ n pẹ́ jù o!"

Kó tó ṣílẹ̀kùn ló ti gbọ́ orin. Àbúrò rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ara rẹ̀ ń dán, ó ń kọ orin tẹ́nikẹ́ni ò kọ́ ọ rí. Ayọ̀ gba aránṣọ lọ́kàn. Ó dì mọ́ ọn, ó gbé etí lé e láyà, ó ní, "Olúwa, ẹ ṣé."

Ó wá ń dúró kí àbúrò rẹ̀ mí.

Orin náà gùn, ó gùn, ó tún gùn sí i. Àyà ọmọ ìyá rẹ̀ ò gbé sókè, kò sì lọ sílẹ̀.